Ohun Tí Tọ́pẹ́ Gbọ́

Bí ẹ bá bi Iredọlá léèrè ẹni tó já ife-ẹ̀yẹ gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní sáà líìgì tó kọjá, Tọ́pẹ́ ni yóò dárúkọ, kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iredọlá ló ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan n'Íbàdàn, nínú líìgì tó ga jù lórílẹ̀-èdè. Tọ́pẹ́ ń dí ẹ̀yìn níwájú rẹ̀. Ní ìdíje tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù kan ga wá, Iredọlá sáré jáde láti gbá a mú, ó sì pariwo. Ni Tọ́pẹ́ bá fò, ó fi orí kàn án, ó di inú àwọ̀n tiwọn. Pọ́ìntì kan ṣoṣo ni wọ́n fi pàdánù ife náà.

"Ó ní kí n gbà á ni," Tọ́pẹ́ ń sunkún.

Iredọlá fi ìyá rẹ̀ búra pé ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde lẹ́nu òun. Láti ọjọ́ náà, òpùrọ́ ni Tọ́pẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Kóòṣì ti ní òun máa yọ orúkọ rẹ̀ kí òun tó fi ìwé sáà tuntun ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́bọ̀, Iredọlá tó wálé ìsinmi lọ pàdé ìyá bàbá rẹ̀ ní Samaru, ní Zaria tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀fà ni màmá ti ń bọ̀, kò dé Zaria rí, kò gbọ́ Haúsá kankan. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé wọn ní Hayin Dogo. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n délé ni oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ dúró.

"Gaba, malam! Gaba!" Iredọlá pariwo borí ẹ̀rọ.

Màmá na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé e wá. Kí ni kí n gbà?"

"Ẹ ò ní gba nǹkan kan, màmá. Mo ní kó lọ síwájú ni."

"Ìwọ lo ní kí n gbà á. Etí mi ò tíì di, ọmọ yìí!"

Ọ̀rọ̀ tí Tọ́pẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Orí pápá Samaru ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. "Gaba" ni wọ́n ń pariwo níbẹ̀, kí àwọn tó wà níwájú lè sún síwájú, kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún aṣọ́lé. Bí ọkàn bá ń gbóná, èdè tó mọ́ni lẹ́nu jù ló ń jáde. Ẹ wá wo ọmọ Yorùbá tó fi Haúsá ba ti ọmọ Yorùbá jẹ́! Ojú tì í gan-an.

Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ ló pe Kóòṣì Adégbénga, ó jẹ́wọ́ pé "Gaba" lòun pariwo lọ́jọ́ náà tí Tọ́pẹ́ fi gbọ́ "Gbà á".

"O mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n máa wá bú báyìí?" kóòṣì bi í. "O sì mọ̀ pé ẹlòmíì ń du ipò rẹ?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ Tọ́pẹ́."

Kóòṣì mí kanlẹ̀. "Mi ò ní í yọ ọ́. Ìwọ náà, múra kó o padà wá. Ṣùgbọ́n fúnra rẹ ni wàá sọ fún un."

Iredọlá pe Tọ́pẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Tọ́pẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"Oṣù mẹ́rin," ó ní. "Ìyá mi pàápàá ní kí n yéé parọ́. Dúró."

Ohùn àgbàlagbà kan wọlé. "Ta nìyẹn?"

Iredọlá kúnlẹ̀ sẹ́bàá títì, bẹ́ẹ̀ ìyá náà ò rí i. "Ẹ káàsán, mà. Iredọlá ni. Ọmọ yín ò parọ́."