Kékeré Méjì Tàbí Àárín Kan

2.

…nítorí náà mo ní kó kó méjèèjì sórí tábìlì, kí n rí ojú wọn dáadáa.

Oníṣọ́ọ̀bù kó wọn sílẹ̀. Kámẹ́rà méjì, dúdú ni méjèèjì. Mo sọ àkọ́kọ́ ní Kékeré, torí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo sọ èkejì ní Àárín. Kì í ṣe ti àwọn ọ̀gá pátápátá, kì í sì í ṣe ti ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ náà ò le. Owó ọwọ́ mi tó Àárín kan. Bí n kò bá ra Àárín, ó tó Kékeré méjì.

Àárín kan, ẹnì kan ni yóò lò ó.

Kékeré méjì, ẹni méjì.


3.

Ẹni kejì yẹn ni ọkọ mi.

Dúró-Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oníbàárà ń pè é. Ohun tó máa ń sọ fún tọkọtaya kó tó yà wọ́n ní fọ́tò nìyẹn: ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló máa tẹ̀ ẹ́.

Kámẹ́rà méjì la ní tẹ́lẹ̀. A ta tirẹ̀ nígbà tó rí iṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń ya àwọn olówó tó ń gbafẹ́. Kámẹ́rà tó ń lò níbẹ̀, ti ọ̀gá rẹ̀ ni, kò lè gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun ò ní pẹ́.

Kámẹ́rà tèmi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, kò tiẹ̀ ṣàìsàn.


4.

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́:

Èmi á dúró níwájú, n ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Òun á dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, á kọjú sí ọkọ ìyàwó. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, èmi á ya ìyàwó tó ń wọlé, òun á ya ojú ọkọ bó ṣe ń rí i. Ìgbà kan náà ni. Ojú yẹn kì í pẹ́ rárá. Ẹni tó bá ní òun nìkan lè ya méjèèjì, irọ́ ló ń pa.

Nítorí pé a kọjú síra wa, mo máa ń wà nínú fọ́tò tirẹ̀, òun náà á wà nínú tèmi. Èjìká kan. Ìgbọ̀nwọ́ kan. Ojú kan tó dì. A máa ń yọ ara wa kúrò ká tó kó iṣẹ́ fún oníbàárà.

Mo ti ṣíwọ́ yíyọ ọ́. Mo kó gbogbo èyí tó kù jọ sínú fóònù mi, mo sì ń wò ó nígbà tó yẹ kí n máa jẹun. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.


5.

(lára ògiri ṣọ́ọ̀bù)

ỌJÀ TÍ A BÁ TI TÀ
A KÌ Í GBÀ Á PADÀ
Ẹ̀BẸ̀ LA BẸ̀ YÍN O


6.

KÉKERÉ
fúyẹ́.
nínú oòrùn, kò sóhun tó ṣe é.
nínú òkùnkùn, fọ́tò rẹ̀ á dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn sí i.
káàdì kan ṣoṣo. bí káàdì bá bàjẹ́, ìgbéyàwó ti lọ.

ÀÁRÍN
wúwo. ọrùn á gbọ́.
ó ń ríran níbi tí èmi gan-an ò ti ríran.
káàdì méjì. fọ́tò kan ń wọ inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.
kò lè dúró níbi méjì.

(Oníṣọ́ọ̀bù kọ́ ló sọ ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Èmi ni mo fi kún un.)


7.

Ìgbéyàwó tí mo fẹ́ yà ní Sátidé, ti àbúrò ọkọ mi ni. Mo bá a nílé ọkọ, n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Adúmáradán ni mò ń pè é, ó sì ń gbádùn rẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣèlérí tipẹ́ pé òun á wà níbẹ̀. Adúmáradán pè mí ní ṣọ́ọ̀bù.

ADÚMÁRADÁN: Ìyàwó mi, o ti ra nǹkan yẹn?

ÈMI: Mo ṣì ń wò ó ni. Ẹ fara balẹ̀.

ADÚMÁRADÁN: Kí lo ń wò? Gbọ̀ngàn yẹn dúdú bí inú ìkòkò. Ra èyí tó ń ríran.

ÈMI: Bí ẹ̀gbọ́n yín bá dé ńkọ́? Kí ló máa fi yàwòrán, ọwọ́?

ADÚMÁRADÁN: Ó sọ fún ẹ pé òun ń bọ̀?

ÈMI: Ó ní òun ń gbìyànjú.

ADÚMÁRADÁN: Nígbà tí ara Màmá ò yá ńkọ́, ṣebí ó gbìyànjú?

ÈMI: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o.

ADÚMÁRADÁN: Èmi tí mo bá a mu ọmú kan náà ni mò ń sọ ọ́. Ìyàwó mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Jọ̀ọ́.


8.

(lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà)

A Ò FẸ́ INÁ FÍLÁÀṢÌ NÍNÚ ILÉ YÌÍ. Ẹ KÚ ORÍIRE.


9.

Ìyá ọkọ ìyàwó kan ló kọ eléyìí ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo dá ṣe gbẹ̀yìn kí kámẹ́rà tó kú ni.

«Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò yín dùn ún wò. Ṣùgbọ́n mo wò ó títí, n ò rí ojú ọmọ mi nígbà tí ìyàwó ń wọlé. Apá kan ṣoṣo lẹ yà. Ṣé ẹlòmíì ló ń ya apá kejì ni?»

Kò sí ẹlòmíì. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Síbẹ̀ mo dúró níwájú, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà, n kò yíjú lẹ́ẹ̀kan. Mo fi apá ti ọkọ mi sílẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ mi ló ṣe é, orí mi ò mọ̀ sí i.

Mo fèsì pé káàdì ló bàjẹ́.


10.

(Bó ṣe rí lọ́hùn-ún. N kò débẹ̀ rí. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni.)

Tọkọtaya àgbàlagbà kan fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Atẹ́gùn ń da irun ìyá náà rú. Ọkọ mi ní kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Èdè wọn ló fi sọ ọ́, ó ti kọ́ ìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo ibi tó yẹ kí n dúró sí.

Omi ni.


11.

Mo pa eléyìí rẹ́. Inú ló ń bí mi nígbà tí mo kọ ọ́.


12.

(àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, mo jókòó sórí àga oníṣọ́ọ̀bù)

ÈMI: Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ra kámẹ́rà. Ṣé ẹ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀?

ÒUN: Kí ló dé tó o fi ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò?

ÈMI: O ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?

ÒUN: A máa gúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ọ̀gá bá ti gbà, mo ti sọ̀kalẹ̀ nìyẹn.

ÈMI: Bí kò bá gbà?

ÒUN: Ra èyí tó ní káàdì méjì. Òun ló dáa fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́.

ÈMI: Ta ló ń dá ṣiṣẹ́?

(ó ń kọ nǹkan)

(ó dáwọ́ dúró)

(ó tún ń kọ)

ÒUN: Mo fẹ́ wá. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ wá.


12, bó ṣe yẹ kó rí.

ÈMI: Ṣé o ń bọ̀?

ÒUN: Mo ti wà lọ́nà. Kí ni kí n rà bọ̀?

ÈMI: Má ra nǹkan kan. Yára.


13.

ÌYÁ ỌKỌ MI, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán: «Mo ti fọ aṣọ tí ọkọ rẹ máa wọ̀. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.» Ó sì gé fóònù.


14.

Mo gbé Àárín sójú, mo nà án sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbi tí iná ò dé. Mo rí okùn aláǹtakùn. Mo rí bàtà oníṣọ́ọ̀bù lábẹ́ tábìlì, ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ti ń ya ẹnu. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ó wu ọwọ́ mi.

Mo gbé Kékeré. Kọ̀rọ̀ kan náà. Iyanrìn.

Mo wá ní kí oníṣọ́ọ̀bù mú Kékeré kejì jáde, kó gbé e lọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó kọjú sí mi, kó gbé e sójú. Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn, ṣùgbọ́n ọjà kò yá lọ́jọ́ náà, ó lọ. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ga jù. Kò mọ̀ ọ́n dì mú.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo wo fọ́tò náà: ọkùnrin kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kámẹ́rà bo ojú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé òun kọ́. Mo tún gbé kámẹ́rà sójú síbẹ̀síbẹ̀.

«Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀,» mo ní.

«Mà, apá ń ro mí o.»


15.

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: Àárín ni, àbí? Ẹ̀yin náà rí i bó ṣe ń ríran.

ÈMI: Mo rí i.

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: Ẹ sì ní gbọ̀ngàn yẹn dúdú.

ÈMI: Ó dúdú gan-an.

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í.

ÈMI: Bá mi di Kékeré méjì.

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: Mà, a kì í gbà á padà o.

ÈMI: Mo ti gbọ́.

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: Ọkọ yín ti ní òun ń bọ̀ nìyẹn?

ÈMI: Ṣé iná wà nínú bátìrì wọn?

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: Kò sí. Bátìrì ṣọ́ọ̀bù lẹ fi dán wọn wò. Bí tiwọn ṣe ń ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Ẹ lè ṣáàjì tiyín bí ẹ bá délé.

ÈMI: Tèmi lè dúró. Ti ọkọ mi ni kó o bá mi ṣáàjì kó kún. Bó bá dé, kò ní sí àyè láti ṣáàjì.