Àtàǹpàkò Chigusa

Okùn kẹta ń kọjá lábẹ́ àyà Chigusa nígbà tí imú rẹ̀ gbọ́ òórùn náà. Kì í ṣe òróró tí Kuramochi máa ń fi pa okùn. Ìpara ni, èyí tó ń ta sánsán bí ọsàn.

Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ní yàrá òkè yìí ní Osaka. Kuramochi lọkùnrin tó ń so, Chigusa lobìnrin tí wọ́n ń so rọ̀ sókè, ó sì wù ú bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ yọ ṣùtì. Àdéhùn wọn kò pọ̀. Okùn tí wọ́n fi ń so Chigusa kò gbọdọ̀ kan ara obìnrin mìíràn. Tí Chigusa bá ti ní "Ẹ sọ̀ mí," kí Kuramochi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá. Tí wọ́n bá sì bi í nípa ọwọ́ rẹ̀, òótọ́ ni kó sọ, nítorí okùn tó bá tẹ iṣan apá pẹ́ lè ba ọwọ́ jẹ́, aránṣọ kimono sì ni Chigusa, ọwọ́ ló fi ń jẹun.

Ìfura loògùn àgbà. Obìnrin wo ló fi okùn yìí so? Inú bí i burúkú. Kuramochi fa okùn sókè, ẹsẹ̀ Chigusa kúrò nílẹ̀. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bi í:

"Àtàǹpàkò ńkọ́?"

Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì Chigusa ti ń kú tipiri. "Ó wà dáadáa, ọ̀gá."

Jẹ́ kó fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ló rò lọ́kàn. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, yóò mọ̀.

Kuramochi ki ìka méjì sí i lọ́wọ́. "Dì í mú." Ìka mẹ́rin yòókù ni Chigusa fi dì í. Ọkùnrin náà wò ó títí.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ kí n sọ ọ́?"

Kuramochi na ọwọ́ mú okùn. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tú u. Láti ọdún mẹ́fà, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láìjẹ́ pé Chigusa sọ̀rọ̀.

"O ń purọ́ fún mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ fi okùn mi so?"

Kuramochi ká apá aṣọ ara rẹ̀ sókè. Ojú okùn wà lápá rẹ̀, awọ ti bó, ìpara ń dán lórí rẹ̀.

"Ara mi ni. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí àtàǹpàkò tó kú. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá lókè, o ní kò sí nǹkan kan."

"Ẹ sì tún so mí lónìí? Ẹ ń dán mi wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò dára, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè rí inú ọwọ́ rẹ, Chigusa. Ẹnu rẹ nìkan ni mo gbára lé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó okùn sínú àpò, gbogbo rẹ̀ pátá. Chigusa rí i pé ó fẹ́ fi òun sílẹ̀ pátápátá. Ó ti ń rò ó látọjọ́ yìí pé òun ti fi gbogbo ara òun lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bi í léèrè, òun ló fi pamọ́.

"Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan," ló wí.

Ọwọ́ Kuramochi dúró.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ti purọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi lókè níbẹ̀, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀ mí." Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí itan. "Ó ti kú báyìí náà. Kò tíì jí."

Kuramochi fi àpò sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra àtàǹpàkò náà kó lè jí.