Láńdírófà Tó Kọ Òkú

"Dúrósinmí, jáde lábẹ́ ọkọ̀ yìí kó tó wó lù ọ́," Mùílì wí. "Ohun tí mò ń rí lókè níbí, kò yẹ kí ọmọ ènìyàn sùn sábẹ́ rẹ̀."

Dúrósinmí kò jáde. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ Láńdírófà náà, ó ń fi ìdí sukudiráífà lu ṣásí rẹ̀ láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn. Níbi tó bá ti dún bí agogo ilé ẹ̀kọ́, á mi orí. Níbi tí kò bá dún dáadáa, á fi èékánná họ ìpẹtà ibẹ̀ títí á fi kan irin tó le.

"Ṣásí rẹ̀ ṣì le," ó ní láti ìsàlẹ̀. "Ibi méjì péré ló ti jẹ. Wẹ́dà á jó o pọ̀."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Adìẹ ti yé sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ mi! Ṣé ẹyin rẹ̀ wà nínú owó ọkọ̀ ni, àbí wọ́n máa tà á lọ́tọ̀?"

Abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ náà wà, lẹ́yìn ilé kan tí kò jìnnà sí àdúgbò Takie. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ṣá. Kò sí ọ̀kan nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lẹ́mìí. Iná iwájú kan ti yọ, ikán sì ti jẹ àga awakọ̀ ku irin. Mùílì, tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ọ̀yọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, kò rí ìdí tí wọ́n fi sanwó ọkọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá wo irú nǹkan báyìí. Píkọ́ọ̀pù kan wà ní Owódé ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n fẹ́ tà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èèyàn lè gbé e jáde lọ́la kó sì fi pawó lọ́túnla. Láti ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ń pè ní Sáàpù ti gbòde, ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí tálákà ń wò lójú pópó. Ẹni tó bá rí ti àtijọ́ tó ń rìn, ṣe ló yẹ kó dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n Mùílì kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun mọ ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí. Bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá jáde, ó dé fìlà, ó wọ bùbá funfun. Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá ni, ẹni tó ni ọkọ̀. Mùílì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ewé gbígbẹ. Dúrósinmí yọ lábẹ́ ọkọ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Bàbá fi ọwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni fọwọ́ lé orí ọmọ. "Ẹ má wo ojú rẹ̀ o. Ọkọ̀ yìí kò dá mi dúró lọ́nà rí. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí."

"Ọ̀nà ibo lo fẹ́ máa ná?"

"Ọ̀nà Ajélàńwá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ajélàńwá! Mo ra àgbàdo níbẹ̀ rí, ó ti pẹ́. Ọ̀nà yẹn pa ọkọ̀ onírúurú èèyàn, kò rí tèmi pa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ mi nìkan ló ń dé ibẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Dúrósinmí wí.

Bàbá wo ojú rẹ̀, kò rí ohun kan kan níbẹ̀ tó rántí. Wọ́n ná ọkọ̀ náà, wọ́n ná an títí ó fi já síbi tó tẹ́ bàbá lọ́rùn. Dúrósinmí ní òun ń lọ bá ìyàwó òun sọ ọ́, nítorí owó àwọn méjèèjì ni.

* * *

Dorcas, ìyàwó Dúrósinmí, ń ṣa àlùbọ́sà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá a. Ó ń ya èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀ kí ó má baà ba ìyókù jẹ́.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Ìbùkún. Ṣé ọkọ̀ ọ̀hún dára?"

"Kò dára. Ṣùgbọ́n yóò dára."

"Ta ló ni ín?"

Ó jókòó sórí àpò àlùbọ́sà kan kó tó dáhùn. "Ọlọ́runnísọ̀lá."

Ọwọ́ Dorcas dúró. "Ọlọ́runnísọ̀lá wo? Èyí tí ẹ ní bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ọ̀run, ẹ ó yà bá ọ̀nà mìíràn?"

"Òun náà."

Kò sí ohun tí Dorcas kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó ti gbọ́ ọ kí Dúrósinmí tó gbé e níyàwó. Abà Ajélàńwá ni bàbá Dúrósinmí kú sí, láàárín òjò, nígbà tí odò kún. Kò sí ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀ àfi Láńdírófà oníṣòwò àgbàdo tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Dúrósinmí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn gbé bàbá àwọn délé. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ mi kì í ru òkú," ó sì tẹ iná mọ́tò.

Nínú ìdílé wọn, àgbà tó ní ilé kì í sùn sí oko. Dúrósinmí àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ẹní wé bàbá wọn, wọ́n so ó mọ́ ọparun, wọ́n gbé e lé èjìká la odò kọjá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lẹ́bàá Akẹ̀sán, obìnrin kan tí kò mọ̀ dá wọn dúró, ó bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń ta ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n gbé.

Láti ọjọ́ náà, Dúrósinmí kò jẹ ẹran ìgbẹ́ mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè," ni Dorcas wí. "Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìjà?"

"Bí mo bá rí méjèèjì rà lówó kan, ṣé kì í ṣe ọjà gidi nìyẹn?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Píkọ́ọ̀pù Owódé ń rìn. Eléyìí, ọ̀dọ̀ Mùílì ni yóò máa gbé títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Kí la ó máa jẹ?"

"Ohun tí à ń jẹ báyìí. Èmi ò ní fi iṣẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tí mò ń wà sílẹ̀ títí tiwa yóò fi dìde." Ó tẹ̀ síwájú. "Dorcas, ọ̀nà ọ̀dà ti kún. Gbogbo ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù ló wà níbẹ̀, wọ́n ń jà sí èrò kan. Ọ̀nà ẹrẹ̀ ni kò ní ọkọ̀. Iṣu ń jẹrà ní Ajélàńwá lọ́dọọdún, àwọn obìnrin ń fi orí rù ú la odò kọjá. Píkọ́ọ̀pù á dé etí odò, á yíjú padà. Láńdírófà yìí á là á kọjá. Mo ti rí i tó là á. Mo dúró sínú ẹrẹ̀, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Dorcas gbé àlùbọ́sà kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Bó bá ra píkọ́ọ̀pù, yóò wà á, kò sì ní fi í yangàn láé. Ọkùnrin tí kò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn, inú ilé ni yóò ti máa wá ohun tí yóò fi yangàn.

"Èmi náà á tẹ̀lé yín lọ," ó wí níkẹyìn. "Owó mi ò gbọdọ̀ dá rin ìrìn àjò."

* * *

Wọ́n sanwó fún Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá nínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, gbogbo wọn jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, nítorí kò sí awakọ̀ tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àgbà láìgba àdúrà. Bàbá ṣí fìlà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ sí ọkọ̀ náà.

"Ọkọ̀ yìí á gbè ọ́."

"Àmín," gbogbo wọn wí.

"Kò ní pa ọ́, kò ní pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Àmín."

"Ibi tí mo fi í lọ tí mo fi bọ̀ láyọ̀, ìwọ náà á lọ, wàá bọ̀."

"Àmín."

"Kò ní ru òkú láéláé."

"Àmìíìn!" ni Mùílì ké. Òun nìkan ló ṣe é. Dorcas ti la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Dúrósinmí ti sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá la ojú. "Ṣé o ò gbọ́ mi ni? Mo ní kò ní ru òkú."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Mi ò lè ṣe àmín sí i ni."

"Dúró!" Mùílì fa aṣọ rẹ̀. "Ṣé orí ẹ pé báyìí? Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún ọ o! Gbogbo mọ́tò ni wọ́n ń gbà á fún!"

"Yóò ru òkú," ni Dúrósinmí wí, kò pariwo. "Bí àgbà kan bá kú sí Ajélàńwá lójò, ọkọ̀ yìí ni yóò gbé e wálé. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe rà á. Iṣu yóò wà nínú rẹ̀, àgbàdo yóò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òkú bá dé, a ó já iṣu sílẹ̀."

Bàbá pa ọwọ́ dé mọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ni bàbá ẹ?"

"Àkàndé, oníṣu. Èmi ni mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Atẹ́gùn mi igi máńgòrò. Mùílì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo bàbá, ó wo ọkọ̀.

"Ó ti pẹ́," ni Bàbá wí.

"Kò tíì pẹ́ lójú tèmi."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ọkọ̀ tuntun ni nígbà náà. Gbogbo awakọ̀ ló ń sọ pé ọkọ̀ tó bá ti ru òkú lẹ́ẹ̀kan, òkú ni yóò máa rù kiri."

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ tó pa dé. "Mo lè dá owó yín padà fún yín," ó ní. "Mi ò lè fi ẹnu mi súre kí ẹni tí mò ń súre fún kọ̀ ọ́."

Dorcas wo ọwọ́ Bàbá tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá dá owó náà padà, píkọ́ọ̀pù ni wọn ó rà, Ajélàńwá á sì máa wà lẹ́yìn odò bó ṣe wà.

"Ẹ lè dá a padà," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó dúró gbọnin. "Ó wù mí kí n gbé ọkọ̀ yìí lọ, Bàbá, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi àmín purọ́ nítorí rẹ̀."

Dorcas kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ̀yin náà ti rin ìrìn àjò, ẹ mọ̀ pé ojú ọ̀nà jìn. Ẹni tó jáde láàárọ̀ kò mọ ibi tí ọlọ́jọ́ yóò ti pàdé òun. Ẹni tó bá kú sí ibi tó jìnnà, ṣé ilé kọ́ ló yẹ kí wọ́n gbé e wá?"

Bàbá yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tó yí padà, ó ti tún ṣí ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ na ọwọ́ yín," ó wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ẹni tí ọlọ́jọ́ bá dé bá níbi tó jìnnà sílé, ọkọ̀ yìí á gbé e délé tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ibi kankan ò sì ní tìtorí rẹ̀ bá ẹni tó wà á."

"Àmín!" ni Dúrósinmí ké, débi pé adìẹ sá jáde nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kò dọ̀bálẹ̀. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí kò tíì parí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi gba kọ́kọ́rọ́.

* * *

Lọ́rì kan ló fi okùn wọ́ wọn kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí Mùílì ti fi táyà tí wọ́n yá sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mùílì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lọ́rì, ó ń rò fún un bí òun ṣe mọ̀ láti àkọ́kọ́ pé ọkọ̀ gidi ni. Dúrósinmí jókòó sórí àpótí kan nínú Láńdírófà, ó ń yí ṣítíárìn tẹ̀lé okùn. Wọ́n ní kí Dorcas wá jókòó sínú lọ́rì, ó kọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ló jókòó sí.

Ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọjá ni àwọn èèyàn ń pariwo.

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ṣé lọ́rì ló bí èyí tó ń wọ́ yìí?"

"Ẹ bá mi kí àwọn ikán inú ẹ̀!"

Dúrósinmí ń gbé ọwọ́ sókè dá wọn lóhùn, ó nà gbọọrọ lórí àpótí náà bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ gómìnà. Dorcas rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ojú ọ̀nà dákẹ́, ó sún mọ́ ọn.

"Iṣu, èló lẹ ó máa gbà?"

"Bí àwọn yòókù ṣe ń gbà á. Mi ò ní rẹ́ wọn jẹ."

"Àgbàdo ńkọ́?"

"Bákan náà."

"Òkú ńkọ́?"

Dúrósinmí kò wò ó. Ojú rẹ̀ wà lára okùn tó so wọ́n mọ́ lọ́rì.

"Òkú kò ní sanwó," ó wí.

Dorcas wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jiyàn. Kò jiyàn.

"Ẹ di ṣítíárìn mú dáadáa," ó ní. "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bẹ níwájú."