Ohun Tí Ìyá Fẹ́ Lára Afárá

Bí èèrà ni àwọn èèyàn ṣe máa ń wọ́ lórí afárá náà láràárọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ń lọ, ẹlẹ́sẹ̀ ń bọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ológeere sì ń lu aago láàárín wọn kí wọ́n lè yà fún wọn. Kò fẹ̀ rárá. Bí èèyàn mẹ́ta bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ti kún nìyẹn.

Orí afárá yìí ni kápẹ́ńtà kan ti fi kẹ̀kẹ́ gbá ìyá àgbàlagbà kan lọ́dún tó kọjá. Òjò ń ṣẹ́, ọkùnrin náà ti pẹ́, ó sì ń sáré àsápajúdé. Àpótí irinṣẹ́ tó so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló gbá ìyá náà ní ìbàdí tó fi ṣubú lulẹ̀. Kápẹ́ńtà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e dìde. Ìyá gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Máa lọ, kí o má pẹ́ débi iṣẹ́."

Nǹkan wà, kápẹ́ńtà sì mọ̀. Ó rí bí ọwọ́ ìyá ṣe ń wá irin afárá. Síbẹ̀ ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn há a lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba ìbílẹ̀ kéde pé àwọn fẹ́ wó afárá náà kí àwọn kọ́ òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn máa kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò. Wọ́n pe ìpàdé sí kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí. Kápẹ́ńtà náà wà níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì ọmọdé ni wọ́n jókòó lé, orúnkún àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Akọ̀wé kan, ọ̀dọ́bìnrin tó wọ awò ojú, ń kọ èrò oníkálukú sára pátákó. Bàbá kan ní kí wọ́n jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa, kí òun lè máa gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó òun kọjá láìfarakàn án, torí àwọn ń jà lọ́wọ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò tíì rọlẹ̀ tí aránṣọ kan fi dìde, tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Oníkẹ̀kẹ́ kan gbá ìyá mi lórí afárá yẹn lọ́dún tó kọjá," ó ní. "Egungun ìbàdí wọn ló kán. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tíì fẹsẹ̀ ara wọn jáde nílé. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń bi mí? Wọ́n á ní, 'Ṣé ọmọkùnrin yẹn tiẹ̀ débi iṣẹ́ lásìkò?'"

Kápẹ́ńtà fẹ́ dìde kó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó di bẹ́ǹṣì mú. Nígbà tí akọ̀wé bi wọ́n bóyá ó ku ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, kápẹ́ńtà nawọ́, ó ní, "Kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dá wà, kí ti oníkẹ̀kẹ́ dá wà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ náà ta á lára ju ẹgba lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó bèèrè ilé aránṣọ títí ó fi débẹ̀. Ìyá nìkan ló bá, lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, kò dá a mọ̀. Pẹ́ńsùlù tó fi há etí ló rí.

"Àwọn tó fẹ́ kọ́ afárá ló rán ọ wá, àbí? Jókòó, ọmọ mi. Mo ti ń retí yín."

Kápẹ́ńtà fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ló bá yọ pẹ́ńsùlù.

"Kọ ọ́ pé mo fẹ́ ibi tí arúgbó lè jókòó sí láàárín afárá, kó simi. Kí irin ìfọwọ́tì má ga jù. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú, mo nawọ́ títí, ọwọ́ mi ò tó o."

Ẹ̀yìn ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n pákó ló kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bó ṣe ń jáde, aránṣọ ń wọlé bọ̀.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá, tí ẹ rántí wọn."

"Èmi ni," kápẹ́ńtà ní. "Èmi ni mo gbá wọn."

Nígbà tí aránṣọ máa fi dáhùn, "ẹ" ti di "o".

"Ìwọ? O sì jókòó tì wọ́n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà wọlé lọ bẹ̀ wọ́n."

Aránṣọ fi ara dí ẹnu ọ̀nà. "Rárá. Tí o bá bẹ̀ wọ́n, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa dárí jì ọ́. Mo mọ ìyá mi. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kérora. O ò ní rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀. Máa lọ."

Kápẹ́ńtà lọ. Ó mú ìwé náà dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, akọ̀wé gbà á, ó fi í sáàárín àwọn yòókù.

Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó parí afárá tuntun. Ọ̀nà méjì ló ní, ìjókòó wà láàárín rẹ̀, irin ìfọwọ́tì rẹ̀ kò sì ga. Ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n ṣí i ni ìyá kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kápẹ́ńtà rí aránṣọ tó ń bọ̀ lápá ẹlẹ́sẹ̀, ó gbé ẹrù aṣọ dání. Kápẹ́ńtà dẹ eré kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kí i. Aránṣọ dá a lóhùn, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè wò ó.