Ẹ̀rọ Bàbá Sikirat

Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni ọkọ mi fi ṣe ẹ̀rọ tí ń pa ẹkùrọ́ ní ilé arọ rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀. Òun ń wá èésan, èèpo ẹkùrọ́, tí yóò fi dáná, èmi ń wá ẹkùrọ́ tí n ó fi ṣe àdín. Òkúta méjì ni mo fi ń pa á tẹ́lẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò òsì mi bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rántí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò fọ́ nǹkan kan. Èkejì lọ tèésan-tẹkùrọ́ di ìyẹ̀fun. Ẹ̀kẹta ló jẹ́.

Cornelius, akọ̀wé kan láti Iléṣà, wá tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó sì rí i.

“Ìyá Sikirat, ìjọba ti ṣe òfin pátẹ́ǹtì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ló ni iṣẹ́. Ẹlòmíì kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ mọ́.”

Ó mú fọ́ọ̀mù wá. Ọkọ mi kò mọ̀wé. Èmi tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ fún ọdún méjì ni mo kọ ọ́, mo sì ya ẹ̀rọ náà síbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ ẹni tó ṣe é, ọwọ́ mi dúró. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti wọlé ọkọ, orúkọ rẹ̀ kò gba ẹnu mi kọjá rí. Ìyá rẹ̀ jókòó tì wá, ó ń wò mí. Mo kọ “Bàbá Sikirat.”

Cornelius kà á, ó rẹ́rìn-ín. “Ó ti tó bẹ́ẹ̀,” ló wí, ó sì mú fọ́ọ̀mù náà lọ.

Lẹ́yìn oṣù méje, lẹ́tà dé: Cornelius ló ni ẹ̀rọ náà, alágbẹ̀dẹ kankan kò gbọdọ̀ ṣe é láìgbàṣẹ rẹ̀. Mo kà á fún ọkọ mi.

“Èmi ńkọ́?” ló béèrè.

“Ẹ kò sí níbẹ̀.”

Ní 1973, Cornelius fi mọ́tò gbé ẹ̀rọ kan wá. Àwọn tó ṣe é fún un ní Iléṣà wo àwòrán mi, ṣùgbọ́n àwòrán kò sọ bí irin inú rẹ̀ ṣe tẹ̀.

“Bàbá Sikirat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ wa yìí ń lọ ẹkùrọ́ lúbúlúbú.”

Ọkọ mi, aláàánú, ti na ọwọ́ sí ọmọ owú, òòlù rẹ̀.

“Ẹ dúró,” ni mo wí. “Ọ̀gbẹ́ni, ẹni tó ṣe é ni kó tún un ṣe. Ìwé yín ní ẹ̀yin ni.”

Fábọ̀dé, alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́ ọkọ mi, bú sẹ́rìn-ín. “Ìjẹ̀ṣà kò rídìí ìṣáná, àmọ́ ó rídìí ìwé! Ẹ fi ìwé náà tẹ irin ọ̀hún!”

“Ìyá Sikirat, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?” ni Cornelius béèrè.

Mo na bírò sí i. “Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sínú ìwé yín.”

Ó gbà á, ó wo ọkọ mi, ó wò mí. “Kí ni orúkọ wọn gan-an?”

Ó jẹ iṣẹ́ ènìyàn, kò mọ orúkọ rẹ̀.

“Mùyídéènì,” ni mo wí.

Ìyá ọkọ mi pòṣé. Cornelius fi bírò sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sínú mọ́tò. Adìẹ ló ń sùn lórí rẹ̀ ní Iléṣà báyìí. Kò kọ lẹ́tà sí wa mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ Mùyídéènì sára ẹ̀rọ tiwa. Ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.