Oyin Inú Ife Kẹta

Láti ìgbà tí a ti dá ayé ni àwọn ẹ̀dá ti ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn láìmọ̀. Gbòǹgbò ń fa omi fún ewé, ewé ń bọ́ òdòdó, òdòdó ń pe kòkòrò oyin, kòkòrò oyin ń ṣe làálàá fún ẹnu ọmọ ènìyàn. Ẹnu nìkan ni kì í sin ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹun tán, a máa ráhùn.

Ẹnu tí ìtàn yìí dá lé jẹ́ ti gbẹ́nàgbẹ́nà kan. Láàárín ilé rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ń sin oyin, ni igi yukalíptọ́ọ̀sì kan wà, igi gàgàrà tí èèpo rẹ̀ ń bó bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù, tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọ̀dá bá mú, tí òdòdó gbogbo àdúgbò bá rọ, ìgbà náà gan-an ni òdòdó tirẹ̀ ń tanná, funfun bí òwú. Bí wọ́n bá gé e, ebi ni yóò pa àpótí oyin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí àbúrò ń sìn.

Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà òrùlé ẹ̀gbọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n gbé ayùn jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́! Oyin igi yìí kò lẹ́gbẹ́."

"Oyin ni oyin ń jẹ́, jàre. Ahọ́n wo ló mọ igi tó ti wá?"

"Ahọ́n yín mọ̀ ọ́n."

"Èmi tí mo ti ń gbé lẹ́búlẹ́bú pákó mì láti ogójì ọdún!"

Inú bí àbúrò. "Ó dáa. N ó gbé ife oyin mẹ́ta síwájú yín, ti igi yìí á wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ gé e."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ìgbà náà ni àbúrò tó rò ó wò: bí ọkùnrin yìí bá tilẹ̀ dá a mọ̀, ṣé kò kàn ní í purọ́ ni? Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ fa igi lé e lọ́wọ́.

Nínú yàrá ìjẹun, ìyàwó ẹ̀gbọ́n to ife náà sórí tábìlì. Ìkẹta ni ti igi náà. Ìyàwó àti àbúrò nìkan ló mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tọ́ àkọ́kọ́ wò, ó mi orí. Ó tọ́ ìkejì wò, ó mi orí. Ó tọ́ ìkẹta wò, orí kò mì mọ́. Ó ní kò yé òun tó, ó tún bu ṣíbí kan. Ó ní eṣinṣin da òun láàmú, ó bu òmíràn. Nígbà tó yá, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń fi ìka ha ìdí ife.

"Èwo ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó na ìka sí ife àkọ́kọ́. "Èyí ni! Àbí n kò mọ̀ ọ́n?" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó ti figbe ta: "Yéè, mo mà kùnà o. Ẹ gbé ayùn mi wá."

Ìyàwó rẹ̀ dojú ife kẹta dé; ẹ̀kán kan kò já bọ́. "Baálé mi, ayùn ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bá mi fọ ife yìí?"

Ẹ̀rín pa àbúrò dórí àga. Ẹ̀gbọ́n wo ìka rẹ̀, ó wo igi lójú fèrèsé, ó sì rọra lá ìka náà.

Igi náà ṣì dúró. Ẹ̀gbọ́n fi àwọ̀n wáyà bo gọ́tà rẹ̀, ó sì kan àpótí oyin mẹ́rin kún ti àbúrò, àbúrò sì ń sin gbogbo wọn títí ó fi darúgbó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń sá aṣọ ìnu-àwo sórí ayùn. Àwọn kòkòrò oyin ní tiwọn kò mọ̀ pé ẹjọ́ kankan wáyé.