Sílíńdà Tí Bùràímọ̀ Sá Sóòrùn

Bùràímọ̀, àbúrò ìyàwó mi, ló sá sílíńdà afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi sóòrùn bí ẹni ń sá ẹja. Mi ò ní bo àṣírí rẹ̀. Òun náà kì í bo tèmi. Ọ̀gá Ògúnlànà tó gbéṣẹ́ fún wa ló gbé e fún wa lọ́dún 1957, ká fi lọ tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tó rì sínú ọ̀sà lẹ́yìn ìlú Òjó. Ó ti kọ́ mi ní ìṣirò rẹ̀: omi galọ̀nù méjì ló lè kún inú sílíńdà, bí ọwọ́ gééjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ bá wà ní ọgọ́rùn-ún, a jẹ́ pé ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ki afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Igba galọ̀nù lá ń bá lọ.

Nígbà tí oòrùn mú un dáadáa, Bùràímọ̀ pariwo.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó! Ó ti di àádọ́fà! Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i!"

Inú mi dùn. Mo ní kó má dà mí láàmú títí màá fi ṣe tán, mo wọ omi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá ẹ́ńjìnnì ni ilẹ̀kùn irin ṣubú dé, ó há okùn tó so mí mọ́ ọkọ̀ wa lókè pinpin. Mo bá a jà títí ó fi rẹ̀ mí. Mo wo gééjì: ó ti wálẹ̀ kọjá èémí tí mo fà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé oòrùn kàn mú afẹ́fẹ́ gbóná ni, kò fi nǹkan kan kún un. Omi tútù ti gba ẹ̀bùn Bùràímọ̀ padà. Ọgọ́rùn-ún galọ̀nù ló kù, níbi tó jìn tó yẹn sì rèé, ìlọ́po méjì tòkè ni èémí kan ń jẹ. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Láàárín àwa tí à ń wa yanrìn lábẹ́ omi, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lókè kì í fa okùn àyàfi bí ẹni ìsàlẹ̀ bá kọ́kọ́ fà á. Tó bá fà á, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ ní ojo nìyẹn. Gbogbo èémí mi ń kóra jọ sábẹ́ òrùlé yàrá, kò sí ìfófòó kankan lójú omi. Ìyẹn ò lè ba Bùràímọ̀ lẹ́rù, torí awayanrìn kì í mí lábẹ́ omi.

Àlàfo tóóró kan wà létí ilẹ̀kùn. Bí mo bá ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ yẹn mí, màá kàn pẹ́ kí n tó kú ni. Mo yọ rọ́bà tí mo fi ń mí lẹ́nu, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ àlàfo náà, mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ya lọ sókè. Lẹ́yìn náà mo gbé imú sínú èémí àlòkù tó wà lábẹ́ òrùlé. Òórùn epo ló ń rùn. Mo ń pe Sàdíátù ìyàwó mi, mo ń sunkún.

Nǹkan gbá ilẹ̀kùn. Ó tún gbá a. Ọwọ́ Bùràímọ̀ wọlé, ó fa irun mi.

"Omi ń hó bí ìkòkò, Bọ̀ọ̀dá," ló ń sọ nígbà tó fà mí dé inú ọkọ̀ wa. "Ẹ sì ní kí n má dà yín láàmú."

Mo dijú. Nígbà tí mo lajú, ó ti nu sílíńdà tó ṣófo, ó sì ti rọra gbé e sóòrùn.

"Ẹ sinmi. Yóò ti kún díẹ̀ kí ẹ tó padà lọ."

Mo nawọ́ láti gbá a létí. Ọrùn rẹ̀ ni mo dì mọ́, mi ò sì lè jù ú sílẹ̀.